Bí A Ṣe Ń Fa Ìkarahun Lọ sí Etí Òkun Yorkshire

Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ rí káráfáànì wa níwájú ilé ní Leeds, ní England, wọ́n dúró, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá Ìbejì, ṣé ilé lẹ so mọ́ ìdí mọ́tò yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ìka gbá ògiri rẹ̀ kó-kó-kó, wọ́n wá ní, "Ó dáa náà. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e." Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún pè é ní káráfáànì nínú ilé wa mọ́. Ìkarahun ló ń jẹ́.

Ọdún kẹrin rèé tí à ń fà á lọ sí àwọn ìlú kéékèèké etí òkun Yorkshire, Whitby, Robin Hood's Bay, Staithes, Filey. Àwọn ará wa máa ń bi mí bí a ṣe ń ṣe é, mo sì ti sọ ọ́ lórí fóònù títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó gba iwájú nìyí: ẹ má fa ilé wọ ìlú. Àwọn ìlú wọ̀nyí, abẹ́ òkè ni wọ́n lúgọ sí, ojú pópó wọn há bí ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà tó sọ̀ lọ síbẹ̀ sì dà bí àkàbà. Ẹni tó bá fa káráfáànì wọ ibẹ̀ kò ní ríbi yí i padà, gbogbo ìlú ni yóò sì jáde wá wòran rẹ̀. Orí pápá lókè ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn tàbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. Àwa kì í lò ju ibùdó méjì lọ fún ọjọ́ mẹ́jọ: ọ̀kan lókè nítòsí Whitby, èkejì nítòsí Filey. Àwọn tó ń ṣí kúrò lójoojúmọ́, ìdí káráfáànì ni wọ́n ń rí ní gbogbo ìsinmi wọn, wọn kì í rí òkun.

Rírà àti ìwọ̀n

Àlòkù ni tiwa. Ẹni tó tà á fún wa ti fín lọ́fínńdà sí gbogbo inú rẹ̀, èmi sì rò pé ìmọ́tótó ni. Àṣé omi ti wọ ògiri ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti imú bọ igun rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri lábẹ́ fèrèsé. Ibi tó bá rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ẹ kí olówó rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láti 1992 wá ní nọ́ńbà gígùn kan, lẹ́tà àti fígọ̀ 17, lára irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti lára gíláàsì fèrèsé. Ti irin, ti gíláàsì àti ti ìwé gbọ́dọ̀ bára mu, kí ẹ má lọ fowó ra ẹrù olè.

Ní ti láísẹ́ǹsì, tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá yege ìdánwò mọ́tò láti January 1997 ní láti ṣe ìdánwò mìíràn kó tó lè fa ẹrù tó wúwo. Wọ́n ti fagi lé ìyẹn láti 16 December 2021. Láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán lè fa èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 3,500 kílò. Ohun tí òfin gbà yàtọ̀ sí ohun tí agbára mọ́tò yín gbé o. Mọ́tò wa wọn 1,600 kílò. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ má fa ohun tó ju ìdá 85 nínú 100 ìwọ̀n mọ́tò rẹ̀ lọ. Tiwa jẹ́ 1,360. Ìkarahun pẹ̀lú ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju 1,300 lọ, wọ́n kọ ọ́ sára àwo kékeré kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lófìfo, ó wọn 1,130. Ìyẹn ni pé 170 kílò péré ló kù fún gáàsì, abọ́, aṣọ, bẹ́ẹ̀dì, àgọ́, oúnjẹ èèyàn márùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ní kántà pápákọ̀ òfurufú rí, tí báàgì 23 kílò yín fi kílò mẹ́rin lé, ẹ mọ bí 170 ṣe ń tètè pé. Òṣùwọ̀n aláwọ́ tí ẹ fi ń wọn báàgì relé yẹn, òun gan-an ni kí ẹ lò. Èmi á gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹrù á gba ibẹ̀ kọjá, Kẹ́hìndé á máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún tí Màmá bá wa lọ, wọ́n gbé odó kékeré kan dé.

"Màmá, odó yìí wọn kílò mẹ́sàn-án."

"Kí lẹ ó wá fi gún ata?"

"Mo ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ti dì nínú fírísà."

Wọ́n wò mí. "Ata tó ti kú."

Odó kò lọ. Ṣùgbọ́n iṣu mẹ́ta àti àpò ìrẹsì ráyè wọlé nígbà tí mo wẹ̀yìn, wọ́n sì kó wọn sí ìdí pátápátá, lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ la ti rí ohun tójú ń rí. Lójú ọ̀nà A64, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya wá sílẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ gbá Ìkarahun, ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ìdí oníjó, ó sì ń fa mọ́tò dání. Ọkàn mi fò lọ. Bàbá Ìbejì kò tẹ búrèkì, kò yí ọwọ́ mọ́tò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó di ọwọ́ mọ́tò mú gírígírí, eré ń dínkù, ó sì rọlẹ̀. Bí tiyín bá jó, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe. Ẹni tó bá tẹ búrèkì lójijì tàbí tó ń fi ọwọ́ mọ́tò bá a jà, ijó náà lè dojú rẹ̀ dé.

A yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo ṣí ẹ̀yìn, iṣu mẹ́ta kí mi káàbọ̀. Ẹrù tó bá wúwo, ilẹ̀ ni kó wà, lókè táyà, ní àárín gan-an. Fífúyẹ́ ló ń lọ sókè àti sí ìdí. Imú rẹ̀, ibi tó ti so mọ́ mọ́tò, gbọ́dọ̀ tẹ̀wọ̀n díẹ̀: ìdá 5 sí 7 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Fún 1,300 kílò, ìyẹn jẹ́ 65 sí 91, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé mọ́tò yín, ó lè má gbà ju 75 lọ. Òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ la fi ń wọn tiwa, pákó kékeré kan ló dúró lé e lórí, imú Ìkarahun wá gbé ara lé pákó náà.

Síso ó

A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń so ó. Kì í ṣe pé a ń jà. Ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ la ń sọ tí a fi gbàgbé láti ká ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sókè, a wọ́ ọ tó ilé mẹ́ta.

Tí ẹnu rẹ̀ bá bọ́ sórí bọ́ọ̀lù irin ìdí mọ́tò, ẹ óò gbọ́ ọ tí yóò dún "kọ́." Ẹ má gba ìró náà gbọ́. Ẹ yí ọwọ́ táyà kékeré iwájú bí ẹni tún fẹ́ gbé imú rẹ̀ sókè: bí ìdí mọ́tò bá ń bá a gòkè, ó ti wọlé nìyẹn. Bí imú bá ń dá lọ sókè, bí ẹ bá gbéra, ilé lọ́tọ̀, mọ́tò lọ́tọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ẹ óò so mọ́ mọ́tò; bí ohun gbogbo bá já, òun ni yóò fa búrèkì káráfáànì kó tó já, ẹ má fi wáyà yẹn ṣeré. Lẹ́yìn náà iná: Táyé á dúró lẹ́yìn, á máa pariwo, "Búrèkì! Òsì! Ọ̀tún!" gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé à ń lọ. Nọ́ńbà mọ́tò yín gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀ náà. Bí ó bá sì fẹ̀ ju mọ́tò lọ, ẹ óò fi díńgí gígùn kún díńgí mọ́tò lápá méjèèjì.

Eré tí òfin gbà nígbà tí ẹ bá ń fà á jẹ́ 50 máìlì ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí kò sí irin tàbí koríko láàárín tó yà á sí méjì, 60 lójú èyí tí wọ́n yà sí méjì àti mọ́tòwéè. Níbi tí mọ́tòwéè bá ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ kò gbọ́dọ̀ wọ èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá. Màmá ní kí a jẹ́ káwọn sùn nínú Ìkarahun títí a ó fi dé, bẹ́ẹ̀dì ṣáà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ.

Àwọn òkè tí máàpù kì í sọ

Máàpù orí fóònù kò mọ̀ pé ẹ ń fa ilé. Yóò wá ọ̀nà tó kúrú, àwọn ọ̀nà kúkúrú apá ibẹ̀ yẹn sì burú. Ẹ kọ orúkọ mẹ́ta yìí sílẹ̀. Sutton Bank, lójú A170: wọ́n ti fòfin de káráfáànì níbẹ̀ pátápátá, nítorí bí ẹ bá rìn mítà mẹ́rin ẹ ti gòkè mítà kan. Blue Bank, lójú A169, níbi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ sí Sleights kí ẹ tó dé Whitby: mítà kan nínú márùn-ún, wọ́n sì la ọ̀nà àbáyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọkọ̀ tí búrèkì rẹ̀ bá já. Lythe Bank, lójú A174 lẹ́yìn Sandsend: ó tún burú ju Blue Bank lọ.

Àwa máa ń gba A64 lọ títí dé Scarborough, a óò wá gba A171 lọ sí Whitby. Ó fi bíi 15 máìlì gùn ju ọ̀nà Pickering, èyí tó gba Blue Bank, lọ. Bàbá Ìbejì ní òun lè gba Blue Bank pẹ̀lú jíà kejì, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ méjì àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́tò, èmi ni mo sì mú máàpù lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé pápá

Ibùdó ńlá wà tó ní ilé ìwẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù. Àwa fẹ́ràn pápá àgbẹ̀, tí kì í gbà ju káráfáànì márùn-ún lọ. Ẹ ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníkáráfáànì kí ẹ tó lè dé ibẹ̀. Fún August, kí ẹ ti gba àyè ṣáájú Ọdún Àjíǹde.

Ẹ kọ́kọ́ mú un tẹ́jú láti òsì sí ọ̀tún, ẹ fi pákó tàbí ike sábẹ́ táyà tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fa búrèkì ọwọ́ rẹ̀, ẹ ki òkúta ike bọ abẹ́ táyà. Ìgbà yẹn ni ẹ óò tó tú u kúrò lára mọ́tò, kí ẹ fi táyà kékeré iwájú tún iwájú àti ẹ̀yìn ṣe. Ẹsẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kẹ́yìn. Wọn kò wà fún gbígbé e sókè, kí ó má baà máa mì ni wọ́n wà fún; a ti rí ẹni tó fi wọ́n gbé e, irin ìdí ilé rẹ̀ sì ká.

Omi wà nínú àgbá 40 lítà tí a ń yí nílẹ̀ bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ. Èèyàn mẹ́rin la ti ṣírò rẹ̀ fún, a gbàgbé búútà Màmá. Àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, àgbá ń tán lójoojúmọ́, Táyé sì di pọnmipọnmi. (Ní Filey, òkun wà ní ìlà oòrùn, Màmá á kọjú sí òkun, wọ́n á yí díẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n á kírun. Ní Whitby, wọ́n fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà kí ọmọ wọn tó fi kọ́ńpáàsì hàn wọ́n pé àríwá ni òkun ibẹ̀ kọjú sí.)

Iná mànàmáná: ẹ béèrè iye ámpù tí wọ́n fún yín. 16 dára. 10 kò ju 2,300 wáàtì lọ, kẹ́tùlù ilé nìkan sì ń jẹ 3,000, ẹ lọ ra kẹ́tùlù kékeré. Ní pápá kan tí wọ́n ti fún wa ní 10, mo gbé mọ́ínmọ́ín lé sítóòfù oníná, Màmá sì tan ẹ̀rọ ooru nítorí òtútù ń mú wọn. Pà! Òkùnkùn. Mo gbọ́ ohùn wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n máa ń mú iná lọ níbí náà." Ẹ tú gbogbo wáyà kúrò lára ìká rẹ̀, bó ti wù kó gùn tó, torí wáyà tó bá wà ní kíká tí iná púpọ̀ ń gba inú rẹ̀ lè gbóná títí yóò fi yọ́. Sílíńdà gáàsì pupa ni kí ẹ rà. Èyí aláwọ̀ búlúù kì í jáde mọ́ tí òtútù bá ti dé bí omi ṣe ń dì. Èédú tí ẹ fi yan ẹran, bó tilẹ̀ ti ń kú lọ, kò gbọ́dọ̀ wọ inú káráfáànì tàbí àgọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn ń pa èèyàn sójú oorun. Aago tó ń ké bí èéfín náà bá wà nítòsí kò wọ́n.

Ilé ìgbẹ́ rẹ̀ ní àpótí lábẹ́ tí ẹ óò máa fà yọ láti ìta. Kí ẹ dà á nù kó tó kún, ibi tí wọ́n yàn fún un nìkan. Bọ́tìnnì kékeré kan wà tí yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹ bá ń dà á. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, yóò máa dún gùlú-gùlú, yóò sì ta sí yín lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Ìbejì nìyẹn, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú

Whitby ni kí ẹ fún ní ọjọ́ tó pọ̀ jù. Àtẹ̀gùn 199 ló gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 657. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, ní Henrietta Street, èéfín ń jáde láti ara ilé kékeré kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò: ibẹ̀ ni ìdílé Fortune ti ń yan ẹja láti 1872. Òórùn rẹ̀ mú Màmá dúró láàárín ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n wo àwọn ẹja tí wọ́n là láti ẹ̀yìn, tó ń dán bíi wúrà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣáwá! Ìyá Ìbejì, ṣáwá rèé! Ṣáwá ni wọ́n ń tà ní owó góòlù báyìí?" Òótọ́ ni, ṣáwá ọjà wa ni òyìnbó ń pè ní kipper bí wọ́n bá ti fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n sì fi èéfín igi óákù yan án. Ẹ ra méjì-méjì tó so pọ̀. Èéfín tútù ni wọ́n fi yan án, kò tíì jiná, ẹ óò tún sè é. Wọ́n ń da omi gbígbóná lé e lórí nínú jọ́ọ̀gì; Màmá já tiwọn sínú ẹ̀fọ́ rírò, láì fi iyọ̀ sí i rárá, torí iyọ̀ ara rẹ̀ ti tó. Mi ò tíì jẹ ẹ̀fọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Ẹ wé ìyókù ní ike mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kọ́, títí dé Leeds ni ìrọ̀rí yín yóò máa rùn.

Bọ́ọ̀sì X93 ń lọ láàárín Whitby àti Scarborough, ó ń dúró lókè Robin Hood's Bay. Ẹ sọ̀ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ìlú àwọn onífàyàwọ́ ni. Ilé wọn sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé àdìpọ̀ ṣẹ́dà lè ti etí òkun dé òkè ìlú láti ilé dé ilé, láì fojú kan ìta. Ọkọ mi, tó gbé ní Ìdìrókò nígbà kan, ní àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́. Kí ẹ tó rìn lórí iyanrìn níbẹ̀, ẹ wo wákàtí tí òkun yóò kún. Ní bíi wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ló ń kún tó sì ń fà, tó bá kún, ògiri òkè wà lẹ́yìn yín, omi wà níwájú, kò sí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Filey Brigg, àpáta gígùn tó wọ inú òkun. Bí omi bá há yín mọ́, ẹ pe 999, kí ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gbani létí òkun, lẹ ń fẹ́, kì í ṣe ọlọ́pàá. Fún lílúwẹ̀ẹ́, àárín àsíá pupa-òun-yẹ́lò méjì ni. Bí àsíá bá pupa látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọ omi lọ́jọ́ náà.

Staithes kéré, wákàtí mẹ́ta tó o. Ibẹ̀ ni Captain Cook, olókìkí atukọ̀ òkun nì, ti bá oníṣọ́ọ̀bù kan ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ọ́, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní Whitby. Ibẹ̀ sì ni ẹyẹ òkun ti já ẹja díndín Kẹ́hìndé gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó gbé e fò. "Olè ojú ọ̀sán!" ni Màmá ń ké tẹ̀ lé e. Ẹ jókòó kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹ bá ń jẹun.

Láti Filey, ẹ lọ wo àwọn ẹyẹ ní Bempton, níbi tí òkè funfun ti ga ju 100 mítà lọ sókè òkun. Kó tó di ìparí July ni o, torí lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti fò lọ sójú òkun. Ìkùukùu lè dé lọ́sàn-án gangan, bí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá gba orí òkun tútù yẹn kọjá. Ẹ kò ní rí ọwọ́ ara yín. Ẹ mú ṣúẹ́tà dání, kódà bí oòrùn bá ń ràn lókè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó tán, kí ẹni kan rìn yí àyè yín ká, kó wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọgbà. A ti kúrò ní Filey, a ti wà lójú A64, nígbà tí mo gbọ́ ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn mi: "Ìyá Ìbejì, ta ló bá mi gbé búútà mi?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá Ìbejì wo ìyá rẹ̀ nínú díńgí, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ráńdábáòtù tó fẹ̀ tó láti yí Ìkarahun padà.